Báńdì Ọwọ́ Bàbá Atukọ̀

Kò sẹ́ni tó ń bi ẹyẹ léèrè bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń fò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sẹ́ni tó bi Bàbá Atukọ̀ rí bóyá ó mọ omi wẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò sọdá odò láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, tó mọ ibi tí iyanrìn ti ga lábẹ́ omi, tó mọ ibi tí omi ti ń pòyì tí kò sì hàn sójú, ta ni yóò máa bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè ọmọdé? Bí èrò tuntun bá wọ ọkọ̀ tí ẹ̀rù ń bà á, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ á ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọ̀gá tó jókòó lókè yẹn, àárín ẹja ni wọ́n bí i sí. Bàbá Atukọ̀ á máa gbọ́ wọn láti inú yàrá onídígí rẹ̀, á gbójú sí iwájú bí ẹni tí kò gbọ́.

Kò mọ omi wẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n rárá. Omi tó bá ti kọjá orókún rẹ̀, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì.

Kò fi irọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló jẹ́ nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ láti máa fi epo sí ẹ́ńjìnnì, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló sì máa ń wà. Láti ìdí ẹ́ńjìnnì ó bọ́ sídìí okùn, láti ìdí okùn ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá tó ń tukọ̀, títí ọ̀gá náà fi darúgbó tó fi ìtukọ̀ lé e lọ́wọ́. Ní gbogbo ìpele wọ̀nyí ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á kọ́ omi wẹ̀ kí òun tó dé ìpele tó kàn. Nígbà tó fi máa dé fìlà funfun ọ̀gá atukọ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Báwo ni ọ̀gá atukọ̀ ṣe fẹ́ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì létí odò láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, kó ní kí wọ́n wá kọ́ òun? Bí ooru bá mú tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ní kó wá bá àwọn bọ́ sómi, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Òmùwẹ̀ ní í bá odò lọ." Àwọn náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àgbà ti sọ̀rọ̀.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dúró sí, ọ̀rọ̀ òun nìkan ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́dún kan, àṣẹ jáde láti ọ́fíìsì pé gbogbo òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá láti wò wọ́n. Wọ́n kó gbogbo wọn lọ sí ẹ̀bá èbúté, wọ́n ní kí kálukú wẹ̀ dé ìdí òpó kan kó sì padà. Bàbá Atukọ̀ ti ń tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ti gbà fún Ọlọ́run pé lónìí ni àṣírí máa tú. Àfi bí ọkùnrin ọ́fíìsì yẹn ṣe rí fìlà funfun lórí rẹ̀ tó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, ọ̀gá? Ẹ wá dúró tì mí, ká jọ máa wò wọ́n." Bàbá Atukọ̀ tún bọ́tìnnì rẹ̀ dè. Ó lọ dúró.

Wọ́n ń bọ́ sómi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ẹni tó ń ju okùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí kò tíì pẹ́ tó gbéyàwó, ó bọ́ sómi, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ na omi bí ẹni ń bá a jà, ó sì rọ̀ mọ́ àkàbà. Kò rìn kọjá ibẹ̀. Ọkùnrin ọ́fíìsì ní kí Bàbá Atukọ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ọmọ náà, fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gòkè wá sí yàrá onídígí. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀, òun á máa jí lọ sétí odò ní ìdájí, òun á kọ́ ọ. Gbólóhùn kan péré ni Bàbá Atukọ̀ ní láti sọ, ọkùnrin náà ì bá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyí:

"Ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ là nínú omi, èrò wo ló fẹ́ gbà là? Lọ wáṣẹ́ orí ilẹ̀ ṣe."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò jiyàn. Ó ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá." Ó sọ̀kalẹ̀, ó ká okùn tó ti ká dé ìdajì tẹ́lẹ̀, ó tò ó síbi tó yẹ kó wà, ó sì lọ. Ọpẹ́ tó dá yẹn ló wọ Bàbá Atukọ̀ lára ju èpè lọ. Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ ọmọ yẹn, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tó fi le mọ́ ọn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan, àní ìyá àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ayọ̀ gbé e. Méjì di apá rẹ̀ mú, méjì di ẹsẹ̀, wọ́n ń fì í síwá sẹ́yìn létí èbúté, wọ́n ní kí omi náà wá dágbére fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Eré ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n igbe tí bàbá náà ké, wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó bú wọn, ó bú bàbá wọn, ó bú ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́, ó sì gbàgbé pé òun ló kọ́ wọn. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ti tàbùkù àgbà, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń gba ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ló bá a tú bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti pinnu pé òun á kọ́ omi wẹ̀ kí òun tó kú. Ó gbọ́ pé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan wà ní òdì kejì ìlú, lẹ́yìn ilé ìwé kan, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà. Ọkọ̀ méjì lèèyàn máa wọ̀ kó tó débẹ̀. Ìyẹn gan-an ló wù ú níbẹ̀: kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n.

Àsìkò yẹn náà ni dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kó máa ṣe eré ìdárayá. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn, ní òun ti mọ ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì tí òun máa ra fún bàbá òun. Ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwọn nǹkan tó jọ mọ́ fóònù, ó sì ní kí ọmọkùnrin tó ń tajà gbé simáàtìwọ́ọ̀ṣì wá, aago tó ń gba ìpè, tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ sétí ẹni, tí ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí.

Ọmọ náà so ó mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ wo bó ṣe yẹ yín, Bàbá. Tí mo bá ti pè yín, ẹ kàn máa gbọ́wọ́ sẹ́nu ni. Kò sí pé ẹ gbàgbé fóònù sínú yàrá mọ́."

Ó yẹ ẹ́ lóòótọ́. Òun náà mọ̀. Ó yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wo bí iná ṣe ń tàn lójú aago náà. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: ṣé ó lè wọ omi?

Ọmọkùnrin ọlọ́jà ní òjò ò lè ṣe é ní nǹkan kan, èèyàn sì lè fi fọwọ́. Ṣùgbọ́n kéèyàn wọnú omi lọ pẹ̀lú rẹ̀ kó sì pẹ́ níbẹ̀, rárá o, èyí ò fẹ́ ìyẹn. Ó nawọ́ sí àwọn báńdì rọ́bà dúdú tó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní àwọn yẹn ni omi ò lè rí gbéṣe. Wọ́n ń ka ìṣísẹ̀, wọ́n ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n tiẹ̀ mọ̀ bóyá èèyàn ń rìn ni àbí ó ń lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò gba ìpè, wọn ò lè fọhùn.

"Ìyẹn ni mo fẹ́," ni Bàbá Atukọ̀ wí.

Ojú ọmọ náà fà ro. Ó rọra sọ fún un pé àwọn èèyàn á ní okùn rọ́bà lòun so mọ́ bàbá òun lọ́wọ́, bí ẹni di ẹrù. Ibí yìí ni bàbá náà ì bá ti sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn: ọmọ mi, mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, n kò mọ̀ ọ́n. Ó ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin ọlọ́jà ń wò ó, ọmọ rẹ̀ ń wò ó, ẹnu tó ti fi ń pàṣẹ láti ọdún pípẹ́ sì ṣí fúnra rẹ̀.

"Èmi àti omi jọ dàgbà ni. Mo fẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́ fún ìlera mi. Aago tó ń sá fómi, kí ni atukọ̀ fẹ́ fi ṣe?"

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá ń sọ̀rọ̀ àgbà. Ojú ọmọ náà tún mọ́lẹ̀, ó wá ń sọ fún ọlọ́jà bí bàbá òun ṣe tukọ̀ nínú ìjì. Lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀ ló so báńdì náà pọ̀ mọ́ fóònù tirẹ̀, kó lè máa rí gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ bá ń ṣe. Bàbá Atukọ̀ ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Kó tó yé e, wọ́n ti di ọjà náà sínú ọ̀rá.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ síbi adágún náà, ó ti pààrọ̀ aṣọ sí ṣòkòtò péńpé tuntun, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo ikùn, ó dúró lórí táìlì tútù pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù: obìnrin aránṣọ kan tó sanra, tọkọtaya kan tó jẹ́ tíṣà, àti ọkùnrin kan tó ti fìgbà kan ṣọ́ báǹkì. Gbogbo wọn ń wo omi bí ẹni ń wo ajá tí wọn ò mọ olówó rẹ̀. Ó fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹgbẹ́ òun rèé.

Ni olùkọ́ bá jáde láti yàrá ẹ̀yìn, fèrè ń fì lọ́rùn rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ti fẹ̀, ewú ti yọ létí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń kọjú síta, kò yí padà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni.

Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, Bàbá Atukọ̀ ì bá kó sínú rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró, ó wò ó, ó sì tẹríba. Ó ní ọ̀gá káàbọ̀. Ó béèrè ìyá àwọn ọmọ, ó béèrè àwọn ọmọ. Ó yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí wọ́n wá kí ọ̀gá tí òun bá ṣiṣẹ́ lórí omi nígbà èwe òun. Kò sí ẹ̀gún nínú ohùn rẹ̀, àgbàlagbà náà sì wá ẹ̀gún ọ̀hún títí, torí ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ká ní ó rí i. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ béèrè ohun tí àwọn lè bá a ṣe.

"Orókún mi ni," ni Bàbá Atukọ̀ wí. "Dókítà ní kí n máa rìn nínú omi."

Bó ṣe di arìnnà inú omi nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí omi ò ti ju ìdodo lọ, ló ti ń rìn lọ tó ń rìn bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kì í kúrò lára irin, bí ọmọ tó di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún aránṣọ pé kó má fa omi ya, kó kàn sùn lé e lórí. Ó fi ọwọ́ gbé ikùn rẹ̀ sókè títí ìyá náà fi gbàgbé pé ọwọ́ wà níbẹ̀. Aránṣọ tó bẹ̀rù jù lọ nínú wọn ti ń léfòó. Ẹni tó ń ṣọ́ báǹkì tẹ́lẹ̀ ti ń ta ẹsẹ̀. Atukọ̀ ń rìn.

Lọ́jọ́ kan ó gbìyànjú. Ó kọjú sí ògiri, ó mí kanlẹ̀ bó ṣe gbọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn yòókù, ó ki ojú bọmi. Omi gba imú rẹ̀ wọlé. Ó húkọ́ títí gbogbo wọn fi yíjú sí i. Ó ní ikọ́ lásán ni, pé ó ti ń ṣe òun láti àárọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó, ó sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ wéré, bí èèyàn ṣe ń gbójú kúrò lára ẹni tí aṣọ já lára rẹ̀. Ó dun Bàbá Atukọ̀ wọnú egungun. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó ti fi ọ̀rọ̀ yẹn gbé ayé rẹ̀, ó wá rí i pé ẹ̀sín ti wà pẹ̀lú òun láti ìgbà yìí wá, ó kàn kù kí wọ́n pè é lórúkọ ni.

Ọmọ rẹ̀ ń pè é ní alaalẹ́. Ó ní báńdì náà ń fi hàn pé ìrìn ni wọ́n ń rìn, kò fi ìlúwẹ̀ẹ́ kankan hàn rárá. Bàbá rẹ̀ ní bóyá kò tíì mọ ọwọ́ òun. Ọmọ náà gbà á gbọ́, báńdì ló ń bá wí. Gbogbo ilé ìtajà oògùn ni wọ́n ti mọ̀ pé bàbá rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ń lúwẹ̀ẹ́ bí ọmọ ogún ọdún, ó sì ń dùn ún pé kò rí ohun tó máa fi hàn wọ́n nínú fóònù. Ó ní ẹ̀tàn wà nínú ọjà náà, òun á dá a padà, òun á gba simáàtìwọ́ọ̀ṣì tó yẹ kí àwọn ti gbà tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀.

Kò fi sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ méjì, ó sì dé síbi adágún náà láìsọ tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà nínú omi, ọwọ́ lára irin. Kò tíì rí ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ti kí olùkọ́, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ohùn kì í fara pamọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń lu ògiri tó ń padà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, báńdì yìí ò ka ìlúwẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ìrìn ló ń kà ṣáá. Ẹ sì mọ̀ pé atukọ̀ ni wọ́n, kò sí omi tí wọn ò lè wẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó kí n tó gbé e padà fún ẹni tó tà á."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rìn wá sí etí omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ sókè nínú omi, ó wo báńdì náà. Ojú àwọn méjèèjì pàdé. Bàbá Atukọ̀ dúró de ohun tó tọ́ sí i. Ó ti ṣetán. Ó tiẹ̀ ń retí rẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n fa eyín tó ń dùn ún yọ.

Olùkọ́ dìde. Ó sọ fún ọmọ náà pé báńdì kò bàjẹ́. Ó ní nítorí orókún wọn ni, òun lòun ní kí wọ́n má tíì lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n máa rìn ná.

Ó bá a bo àṣírí. Ẹni tó lé dànù lọ́jọ́sí nítorí omi ló ń bá a bo àṣírí omi. Nǹkan kan já nínú àgbàlagbà náà.

"Irọ́ ni," ni ó wí, kò sì gbé ojú sókè. "Orókún kankan ò dùn mí. Mi ò mọ omi wẹ̀, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi. Ọkùnrin tó dúró tì ọ́ yìí, èmi ni mo lé e kúrò níṣẹ́ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń lé e lọ, èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Omi ń rọra gbá ẹ̀gbẹ́ adágún. Ọmọ rẹ̀ wo bàbá rẹ̀, ó wo olùkọ́, ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ sí. Ìyẹn ni Bàbá Atukọ̀ ò rò tẹ́lẹ̀: pé ìtìjú òun máa kan ẹni tí kò dá ẹ̀ṣẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹni tó mọ omi kì í di irin mú báyẹn. Mo ń dúró kí ẹ sọ ọ́ fún èmi nìkan ni. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ lójú ọmọ yín." Ó fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀. "Lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ lé mi, èjìká ni mo fi ń gbé àpò ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Mo pàdánù nǹkan. Inú ló bí mi tí mo fi kọ́ omi wẹ̀. Àṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú síta. Ó fọn fèrè rẹ̀, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn padà sílé ni ọmọ náà ti béèrè bóyá ìyá àwọn mọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé tó doríkodò, tó ń tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, kò jẹ́ kó parí. Ó ní ta ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ ara àwọn? Ó ní gbogbo ìyàwó àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló ń ṣàròyé aṣọ tó rin gbingbin, tirẹ̀ ò rin rí, àfi tí òjò bá rọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tó gbọ́ ìyẹn, ó dẹ́kun ẹ̀rín. Ó béèrè pé, "Ìyàwó ọmọ yẹn ńkọ́?" Bàbá Atukọ̀ kò ronú kan ìyàwó rí.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni wọ́n jọ lọ sí ilé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀. Yàrá mọ́ tónítóní, àga mẹ́rin, fọ́tò àwọn ọmọ méjì tó ti gboyè lára ògiri. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fún wọn lómi mu. Ìyàwó rẹ̀ kí wọn láti ilé ìdáná, kò sì jáde. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń gbé abọ́ kalẹ̀, tó ń gbé e sókè. Bàbá Atukọ̀ dìde lórí àga. Gbogbo ọdún tó fi jẹ́ ọ̀gá, "ìwọ" ló ń pe ọkùnrin yìí.

Ó ní, "Olùkọ́, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, ara mi ni mo ń bá wí. Ẹ̀yin ni mo fi ìyà rẹ̀ jẹ."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kó jókòó. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní ní tòun, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n òun ò lè gbẹnu ẹni tó wà ní ilé ìdáná sọ̀rọ̀. Nígbà yẹn, òun lọ ń wá iṣẹ́ kiri, ìyàwó òun ló dúró sílé tí onílé ń dójú tì nítorí owó ilé. Ìyá àwọn ọmọ Bàbá Atukọ̀ dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ariwo abọ́ dúró. Ó pẹ́ kí ẹni tó wà nínú tó ní kó dìde, ohùn rẹ̀ ò sì gbóná, kò tutù. Síbẹ̀, kò jáde. Bàbá Atukọ̀ mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́.

Ó padà sí adágún. Òun nìkan ló mọ ohun tó ná an láti bọ́ táwẹ́ẹ̀lì lójú aránṣọ àti àwọn tíṣà tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ báǹkì tẹ́lẹ̀ sún fún un lórí ìlà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò pè é ní ọ̀gá mọ́. Bàbá ló ń pè é, bó ṣe ń pe àgbà yòówù. Ó ní kó sùn lé omi lórí. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ikùn rẹ̀, ó gbé e sókè, àgbàlagbà náà sì wà níbẹ̀ gbalaja bí ọmọ jòjòló lọ́wọ́ ọkùnrin tó lé jáde, ìtìjú ń jó o létí bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tutù.

"Ẹ tú ọrùn yín sílẹ̀, Bàbá," ni olùkọ́ wí. "Mi ò ní jù yín sílẹ̀."

Ó gbìyànjú láti tú u sílẹ̀. Kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ náà, kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ kejì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọrùn náà dẹ̀ díẹ̀.